Áńtíbọ́dì, ẹran adìyẹ àti páálí oníṣẹ́jú 15

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Oúnjẹ ni mò ń sè tà ní Ìbàdàn. Ilé-ìwé mẹ́ta àti ilé-iṣẹ́ kan ló ń gba oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi pẹ̀lú páálí àyẹ̀wò tó jọ èyí tí àwọn obìnrin fi ń wo oyún. Ó ní áńtíbọ́dì ló wà nínú rẹ̀, pé bí mo bá ti kán omi ẹran adìyẹ sí i, láàrin ìṣẹ́jú 15 yóò ti sọ fún mi bóyá Salmonella, bakitéríà inú oúnjẹ tó ń ṣe ènìyàn ní àìsàn, wà níbẹ̀. Ó tún ní ohun kan náà ni wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mi nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù fún wọn lọ́dọọdún. Owó rẹ̀ kò kéré. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, ìyá wa, ẹ sì kú àníyàn àwọn ọmọ tí ẹ ń bọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ, inú ìdajì tó fi sílẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an sì wà. Lóòótọ́ ni irú páálí bẹ́ẹ̀ wà, lóòótọ́ ni áńtíbọ́dì lè dá Salmonella mọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn, lóòótọ́ sì ni ìlà pupa rẹ̀ máa ń yọ láàrin ìṣẹ́jú 15. Ohun tí kò sọ ni pé bí ẹ bá kán omi ẹran tútù sí i bẹ́ẹ̀ lásán, bóyá Salmonella wà níbẹ̀ o, bóyá kò sí o, ohun kan náà ló ṣeé ṣe kí ó sọ fún yín, pé kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú 15 ni páálí fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ọjọ́ kan kí ó tó ní ohun tí yóò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí áńtíbọ́dì jẹ́. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ ara ènìyàn tàbí ti ẹranko, ara á ṣe purotéènì kan tí yóò máa bá ẹ̀jẹ̀ kiri, tí yóò máa wá kòkòrò yẹn láti dì mọ́ ọn. Láti ọdún 1890 ni Emil von Behring ará Jámánì àti Kitasato Shibasaburo ará Japan ti fi hàn pé ohun kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí ara rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń kojú májèlé àrùn kan, èyí tó lè gba ẹranko mìíràn sílẹ̀ lọ́wọ́ májèlé kan náà. Purotéènì yìí la wá ń pè ní áńtíbọ́dì. Orí rẹ̀ là sí méjì bí igi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, ẹ̀ka méjèèjì yẹn ló sì fi ń di nǹkan mú.

Kì í ṣe odidi bakitéríà ló ń dì mú, àmì kan lára rẹ̀ ni. Ilà ojú ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Láyé ìgbà kan, ẹni tó bá mọ àbàjà, pélé àti gọ̀m̀bọ́ dáadáa lè jókòó sí ẹnu bodè kí ó sì sọ ìdílé tàbí ìlú tí àlejò ti wá kí àlejò náà tó ya ẹnu. Salmonella náà ní ilà tirẹ̀. Àwọn kan wà lára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń fi lẹ́tà O pè, àwọn kan sì wà lára ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń fi lẹ́tà H pè. Pípa tí wọ́n pa ilà O àti ilà H pọ̀ ni wọ́n fi pín Salmonella sí oríṣi tó lé ní 2,500, wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ ìlú. Salmonella Ibadan wà, Salmonella Lagos náà wà. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má bínú, àwa kọ́ la sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́tà wọ̀nyí kan náà ló wà nínú orúkọ E. coli O157:H7, bakitéríà oúnjẹ mìíràn tí ẹ máa ń gbọ́ nínú ìròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yín ni mo fẹ́ dé báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ṣi ọ̀rọ̀ mú, òun nìkan kọ́ ló sì ń ṣì í mú. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún wọn ni Widal, tí wọ́n fi orúkọ Fernand Widal, oníṣègùn ará Faransé, pè láti ọdún 1896. Nínú rẹ̀, Salmonella táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ti pa ló wà nínú ìgò, áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Nínú páálí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, áńtíbọ́dì ló wà lórí páálí, bakitéríà inú oúnjẹ ló ń wá. Ẹ wò ó báyìí: ọdẹ ni áńtíbọ́dì, bakitéríà ni ẹran ìgbẹ́. Páálí ń fi ọdẹ wá ẹran. Widal ní tirẹ̀ ń wá ọdẹ. Bí ó bá ti rí ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gbà pé ẹran gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdẹ lè gbé ìbọn nítorí ẹran tó ti kọjá lọ láti ọdún tó lọ, tàbí nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí nítorí Salmonella mìíràn tí kì í ṣe ti táífọ́ọ̀dù. Kódà ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè mú kí Widal sọ pé “táífọ́ọ̀dù wà” nígbà tí kò sí. Ìdí nìyí tí ìdajì àwọn ènìyàn ní àdúgbò wa fi ń sọ pé àwọn ní “máláríà àti táífọ́ọ̀dù” pọ̀ bí ẹni sọ pé ẹ̀wà àti gààrí.

Ní ti olóúnjẹ, ohun tí Widal kò lè sọ ló ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ni bóyá òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ le koko ń gbé kòkòrò náà kiri nínú ìfun rẹ̀. Olóúnjẹ ni Mary Mallon, obìnrin tí wọ́n bí ní Ireland tó ń se oúnjẹ fún àwọn ìdílé olówó ní New York. Kò sí ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n láti ilé dé ilé ni àwọn tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ táífọ́ọ̀dù, títí wọ́n fi mú un sọ́tọ̀ ní ọdún 1907, tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ rẹ̀ sì fi kòkòrò náà hàn. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ni kí ẹ máa bèèrè fún àwọn òṣìṣẹ́ yín, kí ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ẹni tó ń gbé e kì í yà á síta lójoojúmọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sórí páálí. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń rí áńtíbọ́dì ni pé kí wọ́n gún ehoro tàbí ewúrẹ́ ní abẹ́rẹ́ Salmonella tí wọ́n ti fi ooru pa, kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Àgbájọ oríṣiríṣi áńtíbọ́dì ló máa ń wà nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan mú ṣáṣá, àwọn kan kò mú, ti ehoro kan kò sì bá ti èkejì dọ́gba. Ní ọdún 1975 ni Georges Köhler àti César Milstein, ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so sẹ́ẹ̀lì èkúté tó ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú bọ̀rọ̀, èyí tó jáde sì ń ṣe ẹyọ oríṣi áńtíbọ́dì kan ṣoṣo láìsinmi. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1984. Iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ lè ṣe páálí tí ti ọdún yìí kò fi ní yàtọ̀ sí ti ọdún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá la ike páálí náà, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, tó ń fa omi láti ìdí dé orí bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Nítòsí ihò tí à ń kán omi sí ni wọ́n fi áńtíbọ́dì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ góòlù sí. Góòlù yìí kúnná ju ìyẹ̀fun lọ lọ́nà tí ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀, bí ó bá sì ti kéré tó bẹ́ẹ̀, kì í pọ́n bí ẹ̀gbà ọrùn mọ́. Pupa bíi zobo tí a bu omi là ló máa ń rí. Bí omi bá ti ń gun bébà, áńtíbọ́dì olóógòlù yìí á dì mọ́ ara Salmonella tó bá pàdé, wọ́n á jọ máa gòkè lọ títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ti fi áńtíbọ́dì mìíràn fa ìlà tí kò ṣeé rí tẹ́lẹ̀. Èyí náà á gbá Salmonella mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì, góòlù á sì wọ́ jọ síbẹ̀ títí ìlà pupa á fi hàn sójú. Ìlà kejì, tó wà lókè, kò mọ Salmonella rárá. Áńtíbọ́dì olóógòlù fúnra rẹ̀ ló ń gbá mú, láti fi hàn pé omi gùn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ páálí ló tún ní kí á kọ́kọ́ fi ooru se omi tí a fẹ́ kán sí i, kí èèpo bakitéríà lè tú sínú omi kí ó sì rọrùn fún áńtíbọ́dì láti rí i.

Ìṣirò ló kù, ibẹ̀ sì ni kókó ìdáhùn mi wà. Kí ìlà pupa yẹn tó lè hàn sí ojú lásán, bakitéríà tó wà nínú mílílítà omi kan ní láti tó nǹkan bí 100,000 sí 1,000,000. Bẹ́ẹ̀, ìlànà fún ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí a ó jẹ láìtún sè é ni pé Salmonella ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ sí nínú gíráàmù 25. Ní ti E. coli O157:H7, kò tó 100 tó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ní ọdún 1993, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí iná kò dé inú rẹ̀ kó àrùn yìí ran èèyàn tó lé ní 700, ọmọdé 4 sì kú. Ẹran tó lè pa ọmọ lè wà níwájú yín, kí páálí sì wò ó kí ó sọ pé kò sí nǹkan, nítorí pé 100 kò tó ohun tí ojú rẹ̀ lè rí.

Nítorí náà, a kì í fi páálí wá bakitéríà nínú ẹran. A máa ń kọ́kọ́ bọ́ bakitéríà náà kí ó pọ̀. Gíráàmù 25 ẹran la ó gé sínú àpò ọ̀rá, a ó da mílílítà 225 omi oúnjẹ bakitéríà lé e, a ó fi ẹ̀rọ pò ó, a ó sì gbé e sínú àpótí olóoru tó dúró sí 37°C fún nǹkan bíi wákàtí 18. Bí ẹ bá ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi tó mọ́ lánàá á ti rí bí omi ògì, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fi ẹnu sọ. Bakitéríà tó rí oúnjẹ tó sì rí ooru tó bá a lára mu lè di méjì láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ bá mi kà á: bí ẹyọ kan bá di méjì, tí méjì di mẹ́rin, nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 20, ní nǹkan bíi wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n mílílítà 250 ni mílíọ̀nù yẹn wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò ju nǹkan bí 4,000 lọ nínú mílílítà kan, páálí kò sì tíì lè rí i. Ó ku nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sí i. Èyí tí dídì nínú fìríìsà tàbí ooru iná ti pa lára kì í sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Ó ní láti kọ́kọ́ sinmi kí ara rẹ̀ mókun. Ìdí tí wákàtí náà fi ń di 18 nìyẹn. Àwọn páálí kan tún ń fẹ́ kí á mú díẹ̀ nínú omi yẹn sínú oúnjẹ kejì, èyí tó ń dá bakitéríà yòókù dúró kí Salmonella nìkan lè gbèrú, ọjọ́ kan mìíràn á sì tún lọ.

Ojú mi ti rí i rí. Ní ilé àyẹ̀wò kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a gbé àpò ẹran adìyẹ mẹ́fà sínú àpótí olóoru ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Iná lọ ní òru, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a dé láàárọ̀, iná ti dé padà, àpótí náà sì ń fi 37 hàn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. A kán omi sí páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìlà òkè yọ lórí gbogbo wọn, ìlà Salmonella kò yọ lórí ọ̀kankan, mo sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹran náà mọ́. Ohun tó ṣí mi lójú ni pé omi inú àpò kò dà bí ògì tó bó ṣe yẹ, mo sì ti rí i kí n tó buwọ́ lu ìwé. A tún un ṣe láti inú ẹran tó kù nínú fìríìjì, a sì gbìn ín sínú àwo, lọ́nà àtijọ́ tó ń gba bí ọjọ́ márùn-ún. Nínú àwo méjì, ẹ̀kún rẹ́rẹ́ Salmonella ló hù, pupa tí àárín rẹ̀ dúdú bí ẹyinjú. Mo pe ẹni tó ni ẹran kí ó tó gbé e jáde. Kò sí ohun tó ṣe áńtíbọ́dì. Òtútù ló mú bakitéríà nígbà tí iná lọ, wọn kò sì bí tó iye tí áńtíbọ́dì lè fi hàn.

Páálí nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí à ń gbà lo áńtíbọ́dì. ELISA, tí Eva Engvall àti Peter Perlmann gbé jáde ní Stockholm ní ọdún 1971, ń lo àwo oníhò 96 àti ẹ́ńsáìmù tó ń pa omi láró, ẹ̀rọ sì lè ka bí àró náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ó dára fún ilé-iṣẹ́ tó ní àpẹẹrẹ púpọ̀ láti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti òòfà. Wọ́n á lẹ áńtíbọ́dì mọ́ bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ní irin nínú, wọ́n á dà á sínú omi ẹran tí wọ́n ti bọ́, wọ́n á sì gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Lójú yín báyìí, omi tó dúdú á mọ́, ìlà dúdú kan á sì lẹ̀ mọ́ ògiri ìgò níbi tí òòfà wà, pẹ̀lú bakitéríà tí áńtíbọ́dì ti gbá mú. A ó da ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí yòókù nù, èyí tí a ń wá nìkan ni yóò kù. Ìlànà àgbáyé fún wíwá E. coli O157 nínú oúnjẹ ń lo ọ̀nà yìí kí wọ́n tó gbìn ín sínú àwo.

Áńtíbọ́dì náà máa ń ṣìnà, ẹ sì ní láti mọ bó ṣe ń ṣì í. Bí ẹni méjì láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè kọ àbàjà kan náà, bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà tí kò ní láárí lè gbé ilà tó jọ ti apànìyàn. Escherichia hermannii máa ń jẹ́ kí áńtíbọ́dì O157 kígbe olè, àwọn Citrobacter kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti Salmonella. Bí ilà kò bá sì sí, ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀ ọ́n. Salmonella Gallinarum tó ń pa adìyẹ lóko kò ní ìrù rárá, páálí tí wọ́n fi áńtíbọ́dì ìrù ṣe yóò sì gbójú fò ó. Listeria, bakitéríà oúnjẹ mìíràn, ń wọ ìrù tirẹ̀ nígbà tí ibi tó wà bá tutù, ó sì ń bọ́ ọ sílẹ̀ ní 37°C. Ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì tí wọ́n ń tà fún Listeria kò tilẹ̀ lè ya Listeria monocytogenes, tó ń pa aláboyún àti ọmọ inú rẹ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀ tí kò léwu. Ní South Africa, láti ọdún 2017 wọ ọdún 2018, Listeria inú ẹran lílọ̀ inú ike tí wọ́n ń pè ní polony mú ènìyàn 1,060, ó sì pa 216 nínú wọn; kíka àkọsílẹ̀ àbùdá bakitéríà náà látòkè délẹ̀ ló fi ilé-iṣẹ́ tó ti wá hàn, kì í ṣe áńtíbọ́dì. Nítorí náà, bí páálí bá sọ pé “ó wà,” a kì í tíì pariwo. A ó gbìn ín kí á fi dá a lójú.

Ibì kan wà tí áńtíbọ́dì ti ta gbogbo ọ̀nà yòókù yọ, ibẹ̀ gan-an sì kan ìyá olóúnjẹ ju Salmonella lọ. Kì í ṣe bakitéríà nìkan ló ń ṣe ènìyàn. Májèlé tó ń tú sílẹ̀ náà ń ṣe é. Staphylococcus aureus ń gbé nínú imú àti lára awọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí nǹkan kan kò ṣe. Bí ọwọ́ bá gbé e sórí ẹran tí a ti sè, tí ẹran náà sì jókòó sínú kúlà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, yóò pọ̀, yóò sì tú májèlé. Bí ẹ bá tún un gbé kaná, bakitéríà á kú, májèlé á dúró, nítorí iná ìdáná kò ràn án. Ní Japan, ní oṣù kẹta ọdún 2000, iná lọ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ kan tí Snow Brand ti ń gbẹ wàrà ní Hokkaido, wàrà sì jókòó ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí iná dé, wọ́n sè é, wọ́n gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, bakitéríà inú rẹ̀ sì kú pátá. Ní oṣù kẹfà, wọ́n fi ìyẹ̀fun yẹn ṣe wàrà olómi ní Ọ̀sákà, ó sì lé ní 13,000 ènìyàn tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru mú. Ẹni tó bá gbin irú wàrà bẹ́ẹ̀ sínú àwo kò ní rí nǹkan kan, nítorí òkú kì í hù. Áńtíbọ́dì ní tirẹ̀ kò bèèrè bóyá ohun tó ń wá wà láàyè. Májèlé náà purotéènì ni, ó sì lè dì mọ́ ọn. Àmọ́ kí ẹ má baà rò pé mo ti ń polówó: májèlé tí Bacillus cereus ń ṣe nínú ìrẹsì tó sùn síta, tó ń mú ènìyàn bì láàrin wákàtí díẹ̀, kéré jù fún ara ẹranko láti kà sí ọ̀tá, nítorí náà kò rọrùn láti rí áńtíbọ́dì tó ṣeé gbọ́kàn lé fún un. Òun náà kì í gbọ́ ti iná.

Ṣé kí ẹ rà á, nígbà náà? Ní tèmi, rárá. Ilé-iṣẹ́ tó ń pa adìyẹ púpọ̀, tàbí oníṣòwò tó ń kó yànmọtí lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń yẹ yànmọtí Nàìjíríà wò fún Salmonella lẹ́nu ibodè, lè rí èrè nínú páálí, nítorí wọ́n ní àpótí olóoru, wọ́n ní ẹni tó mọṣẹ́, ó sì yá wọn lára láti mọ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì dípò márùn-ún. Ẹ̀yin kò ní èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bọ́ Salmonella kí ó di mílíọ̀nù nínú ilé ìdáná tí à ń se oúnjẹ ọmọ. Ẹran adìyẹ tútù tí ẹ ń rà lọ́jà, ẹ gbà pé Salmonella wà lára rẹ̀, kí ẹ sì máa bá a lò bẹ́ẹ̀: pátákó ìgéran tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀bẹ lọ́tọ̀, kí ẹ má sì fi omi ẹ̀rọ ṣàn án kí ó máa ta sí ewébẹ̀. Owó páálí kan, ẹ fi ra tẹmómítà tó ní ẹnu ṣóńṣó, tí ẹ lè tì bọ inú itan adìyẹ níbi tó nípọn jù; bí ó bá fi 74°C hàn, Salmonella ibẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn tí oúnjẹ bá jinná, kí ó wà lókè 60°C títí tí wọn yóò fi bù ú, tàbí kí ó yára tutù wọ inú fìríìjì. Èyí tó bá ti jókòó ju wákàtí méjì lọ láàrin méjèèjì, ẹ má gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé ìdáná yín ṣe mọ́ tó, ẹ máa gbé oúnjẹ tó ti jinná, kì í ṣe ẹran tútù, lọ sí ilé àyẹ̀wò oúnjẹ nígbà díẹ̀ lọ́dún, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ISO 6579, ìlànà àgbáyé fún wíwá Salmonella, ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá tún padà wá, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Ẹ bi í pé wákàtí mélòó ni ìwé inú páálí ní kí á fi bọ́ ẹran náà ká tó kán an, nínú omi oúnjẹ wo. Ẹ bi í pé ta ló yẹ páálí náà wò yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe é, bóyá AOAC ti Amẹ́ríkà tàbí AFNOR ti Faransé, àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ọ̀nà àyẹ̀wò. Ẹ sì bi í pé níbo ló ń kó wọn sí, nítorí purotéènì ni áńtíbọ́dì, ọ̀pọ̀ páálí kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 30°C. Èyí tó ti wà nínú bùùtù ọkọ̀ láti Ìdúmọ̀tà dé Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan lè ti kú, kí ìlà òkè rẹ̀ sì tún máa pọ́n bí ẹni pé ara rẹ̀ dá. Bí ó bá dá yín lóhùn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, nítorí àwa ní ilé àyẹ̀wò ń wá irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí ti àkọ́kọ́ sọ, ẹ bu oúnjẹ ọ̀sán fún un, kí ó jẹun kí ó máa lọ.